Má Gba ‘A Dúpẹ́’ Lẹ́nu Aláìsàn

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bí ara rẹ ṣe rí. Bí mo bá béèrè, o ó ní ‘a dúpẹ́’, bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn rẹ lórí tẹlifóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń sunkún tó tún ń jẹ búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi Ìyá Àgbà rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nínú yàrá mi lẹ́yìn ọjà Missèbo. Bàbá Káyọ̀dé ló ń bá mi kọ ọ́. O mọ̀ ọ́n, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta aṣọ lẹ́nu ọ̀nà wa, tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré. Èmi ò mọ̀wé. Òun mọ̀wé, ó sì ń jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé òun mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi òwe tirẹ̀ já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà ni pé tẹlifóònù ṣeé pa. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ mi bá ti ń dé ibi tó dùn, o ó ní, “Ìyá Àgbà, ọ̀gá ń pè mí.” Ọ̀gá wo ló ń pe ènìyàn báyìí, bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wọlé? Lẹ́tà kò ṣeé pa. Jókòó, kà á tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí n mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ní Pọ́bẹ̀, níbi tí àwọn dókítà ti ń ṣe ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń gún mọ́ ara láìsí oògùn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń wo orúnkún àwọn àgbàlagbà sàn lóòótọ́. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń gba abẹ́rẹ́ tó wọlé, àwọn kan ń gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn tó kàn ń fọwọ́ kan awọ lásán. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o bi wọ́n bí ìrora ṣe rí, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó gba èwo. O béèrè títí, gbogbo wọn ní “a dúpẹ́”, títí kan bàbá kan tí wọn kò tíì fi abẹ́rẹ́ kankan kàn rárá. Ọ̀gá ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ rẹ wò, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé wọn ó ní o kò mọ ìbéèrè í bi, wọn ó sì dá ọ dúró. Ìwọ wá ní o fẹ́ máa wo ojú wọn, kí o fi òye kọ ìrora tí o rò pé wọ́n ní. Ibẹ̀ ni mo ti pariwo. Ibẹ̀ náà ni ọ̀gá ti pè ọ́.

Ó dáa. Gbọ́ mi.

Èkíní. ‘A dúpẹ́’ kì í ṣe ìdáhùn, ìkíni ni. Ẹni tó jìn sí kànga, bí o bá yọjú kí i, á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó ní kí o ju okùn sí òun. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ wa ní Ṣakété. Ẹni tó bá ka ìrora rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó kí i, wọn á ní ó ya aláìmoore sí Ẹlẹ́dàá.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ń rọbí baba rẹ, ìyàwó tuntun ni mí, ojú ń tì mí. Agbẹ̀bí wọlé, ó ní, “Ìyàwó, báwo ni?” Mo ní, “A dúpẹ́, ìyá.” Ó ní, “Kò tíì le, àbí?” Mo ní, “Ọlọ́run ń ṣe é.” Obìnrin náà wò mí, ó ní ti ọmọ yìí ṣì jìnnà, ó bá gba ilé rẹ̀ lọ jẹun. Kò tíì bu òkèlè àkọ́kọ́ tí baba rẹ fi já bọ́ sọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ẹ̀wà dànù, ọmọ ń ké. Agbẹ̀bí sáré dé, ó ní, “Kí ló dé tí o kò sọ?” Mo ní, “Ẹ ò bi mí bóyá ó ń dùn mí. Ẹ kí mi ni.” Ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi ṣa ẹ̀wà náà tán nílẹ̀.

Bàbá Káyọ̀dé ti gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í wà nínú lẹ́tà ọmọlúàbí. Mo bi í pé ṣé inú àpò aṣọ ni wọ́n ti mú un jáde ni. Ó ti gbé bíírò padà.

Èkejì. Apá kan nínú ìtàn yìí ni mo sọ fún ọ, nítorí pé ọ̀gá pè ọ́ kí n tó parí rẹ̀. Nígbà tí orúnkún ọ̀tún mi kọ̀ láti ká, èmi àti Ìyá Ganí ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ń yan ẹja, jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ará Ṣáínà kan ní Fidjrossè. Obìnrin ni, ó kéré, ó sì dákẹ́ bí ilé tí wọ́n tì pa. Nọ́ọ̀sì kan tó sanra ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa, láti èdè Faransé sí Nàgó, èdè tiwa.

Dókítà gún mi ní orúnkún. Ó gún mi nísàlẹ̀ orúnkún. Ó tún wá bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀.

Mo ní, “Orúnkún ni mo gbé wá o.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ìyá, dókítà ní ọ̀nà kan wà nínú ara tó so gbogbo wọn pọ̀.”

Mo ní, “Bí ọ̀nà bá wà nínú ẹsẹ̀ mi, ẹ bá mi sọ fún un pé kòtò ló kún inú rẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀. Dókítà mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ mìíràn kún un. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi, òòrẹ̀ ni mo rí.

Ní ti Ìyá Ganí, wọ́n tún dáná sí ewé gbígbẹ kan tí wọ́n wé bíi sìgá ńlá, wọ́n ń gbé iná náà sún mọ́ orúnkún rẹ̀ kí ooru lè wọ ibẹ̀. Èéfín gba yàrá. Ó figbe ta: “Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fẹ́ yan mí!” Mo ní, “Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Láti ìgbà èwe rẹ lo ti ń yan ẹja. Jẹ́ kí ẹja náà sinmi.”

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyí. Ìgbàkígbà tí a bá padà lọ, nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ bi Ìyá Ganí pé, “Ìyá, ara ń le?” Ìyá Ganí á fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ọwọ́ yín ò ní rọ.” Nọ́ọ̀sì á túmọ̀ rẹ̀, dókítà á rẹ́rìn-ín, á kọ nǹkan sílẹ̀. Bó bá kàn mí, mo máa ń ní, “Ó ń dùn mí. Orúnkún yìí kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ti gún òun.” Dókítà á fajú ro, á mú abẹ́rẹ́ sí i.

Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ní Ìyá Ganí ti sàn, kó máa lọ sílé, kó má wá mọ́. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó súre fún dókítà, ó súre fún nọ́ọ̀sì, ó súre fún àga tó jókòó lé. A dé orí àtẹ̀gùn. Kò lè sọ̀ kalẹ̀. Èmi di apá kan mú, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ ìwòsàn rẹ̀ di apá kejì mú, a ń gbé e sọ̀ bí ẹni ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí a dé títì, ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé wa wò ó tàánú-tàánú, ó ní, “Màmá, ẹ ò ṣe wá ibì kan tí wọ́n á ti tọ́jú ẹsẹ̀ yìí?”

Ìyá Ganí ní, “Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ti wò mí sàn.”

Mo ní kó padà lọ sọ òótọ́. Ó ní, “Kí n lọ dójú ti obìnrin tó rẹ́rìn-ín sí mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Títí di òní, Ìyá Ganí ń tiro, bẹ́ẹ̀ ni nínú ìwé dókítà náà, ó ń sáré.

Ṣé o rí i báyìí? Kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀. Dókítà béèrè, nọ́ọ̀sì túmọ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀rẹ́ mi dáhùn bí ọmọlúàbí. Síbẹ̀, irọ́ ló délé.

Nítorí náà, má bi wọ́n bí ara ṣe rí. Bi wọ́n ní ohun tí ara ń ṣe. Bi ìyá kan pé, “Ní ìrun àárọ̀ yìí, ṣé ẹ forí kanlẹ̀, àbí orí àga lẹ ti kírun?” Bi í pé, “Bí ẹ bá lóṣòó ní sálángá, ṣé ẹ ń dìde fúnra yín, àbí ẹ ń pe ènìyàn?” Kò sí ẹni tó máa ní a dúpẹ́ fún sálángá. O sọ fún mi pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n fún yín, pé ẹ ń fò ó ni nítorí pé ó ń béèrè bóyá ènìyàn lè wọ ìbọ̀sẹ̀ láìsí ìrora. Ìbọ̀sẹ̀ ní Pọ́bẹ̀! Nínú oòrùn wo? Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò ya wèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn lè tẹ̀ kó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ni. Má fò ó, má sì fi ọwọ́ ara rẹ yí i padà. Lọ bá ọ̀gá, sọ fún un pé ní ilẹ̀ Nàgó, sálángá ló dípò ìbọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, gbogbo yín á jọ yí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta, má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè lójú èrò. Bí ìyàwó ọmọ ìyá kan bá jókòó tì í, ìrora á di ńlá, kí ìyàwó lè mọ̀ pé òun kò lè fọ aṣọ. Bí orogún rẹ̀ bá jókòó níbẹ̀, kò sí ìrora rárá, á tiẹ̀ fẹ́ jó. Ní ti àwọn ọkùnrin, Bàbá Káyọ̀dé ni kí o fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí oníbàárà bá wà nítòsí, ìdì aṣọ ńlá ló ń gbé. Bí oníbàárà bá ti lọ, ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ní òun kò ní kọ ìyẹn. Mo ti ní kó kà á fún mi létí kó tó ti àpòòwé pa. Ó ti kọ ọ́.

Àti ọ̀rọ̀ adìẹ. Wọn á gbé adìẹ wá fún ọ, wọn á gbé ẹyin, wọn á gbé gàrí. Ẹni tó bá ti fún ọ ní adìẹ kò ní lè sọ fún ọ mọ́ pé iṣẹ́ yín kò jẹ́. Ó ti di àna rẹ nìyẹn. Sọ fún wọn pé òfin ilé iṣẹ́ kò gbà á. Bí ẹnì kan bá fi tipátipá jù ú sílẹ̀ tó sì sá lọ, sọ fún ọ̀gá, kí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ sè é. Má fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá ṣe pé mo jẹ ẹ́, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yin abẹ́rẹ́.

Mi ò mọ èyí tó kàn. Ẹ̀kẹrin ni, Bàbá Káyọ̀dé ní ẹ̀kẹrin ni.

Mo bínú gan-an nígbà tí o kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn fún mi. Mo ní ta ni í tan arúgbó, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run. O ní wọ́n ti sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn kan á gba èyí tí kò wọlé, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì ń rò. O ní, “Ìyá Àgbà, bí mo bá ṣubú ní kékeré, ẹ máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu yín sí orúnkún mi, mo sì máa ń dákẹ́. Oògùn wo ló wà nínú atẹ́gùn ẹnu yín?” O ní ohun tí ẹ ń wá nìyẹn: ṣé abẹ́rẹ́ yìí ju atẹ́gùn ẹnu ìyá lọ, àbí òun náà ni? Ibi tí o ti gbọ́n ju mi lọ nìyẹn, mo sì fi ọwọ́ sí i. Má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lórí.

Bó bá ṣe pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo wà lọ́mọge ni, mi ò bá tí ra oògùn gbogboǹṣe lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní ìdíkọ̀ Àjàṣẹ́. Ó ní oògùn òun ń mú arọ rìn. Lóòótọ́ ni, arọ kan mu ún lójú wa, ó ju ọ̀pá nù, ó rìn. Mo rà á. Kò pẹ́, mo lọ sí ìdíkọ̀ Ìfọ̀nyìn, mo bá arọ mi níbẹ̀, ó tún ti yarọ, ó ń dúró de kí èrò pé. Mo kí i. Ó kí mi padà, ó ní, “A dúpẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà kò wo nǹkan kan sàn lára mi ju àìgbọ́n lọ. Nígbà tí èrò bá ń pariwo pé ó ti sàn, wá ẹni tí wọn kò fún ní oògùn náà, kí o wo bí òun náà ṣe ń ṣe.

Mo tún fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé afọ́jú ni wọ́n fi ṣe alámòójútó, ìwọ tí o kò mọ ẹni tó gba èwo. Mo kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Nígbà tí a bá ń pín ẹran iléyá nílé wa, ẹnì kan máa ń kọ ẹ̀yìn sí ẹran, ẹlòmíràn á na ọwọ́ sí ìpín kan, á ní, “Ta ló ni èyí?” Ẹni tó kọ ẹ̀yìn á dárúkọ. Bí ó bá kọjú sí i, gbogbo itan ni ìyá rẹ̀ á kó lọ. Máa kọ ẹ̀yìn rẹ. Bí nọ́ọ̀sì kan bá fẹ́ ṣẹ́ ọ lójú, di ojú.

Wàyí o, ohun tó mú mi pe Bàbá Káyọ̀dé kúrò nídìí ọjà rẹ̀ nìyí.

Má wo ojú ènìyàn kọ ìrora rẹ̀. Mo tún un sọ, Bàbá Káyọ̀dé, fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Bí o bá wo ojú Ìyá Ganí, o ó kọ pé kò sí nǹkan kan. Bí o bá wo ojú tèmi nígbà tí inú mi dùn, o ó ní kí wọ́n lọ gbẹ́lẹ̀. O rò pé nǹkan kékeré lo fẹ́ ṣe, pé o kàn fẹ́ ran ìwé lọ́wọ́. Ẹnu àwọn arúgbó yẹn ni wọ́n fi ọ́ ṣe. Bí o bá sọ ohun tí wọn kò sọ, dókítà kan tí o kò mọ̀, ní ìlú tí o kò dé rí, á fi ọ̀rọ̀ rẹ gún orúnkún ẹlòmíràn, tàbí kó fi ọ̀rọ̀ rẹ lé ẹni tí abẹ́rẹ́ ì bá wò sàn lọ sílé. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ iṣẹ́, wọ́n lè kọ́ ọ. Èyí tó ń hun ọ̀rọ̀ jọ, ta ló fẹ́ tú u?

Nígbà tí ọ̀gá bá dé, dìde dúró. Sọ fún un pé, “Ọ̀gá, àwọn ìdáhùn tí mo ti gbà títí di òní, ìkíni ni wọ́n. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí wọn.” Sọ ìdí rẹ̀. Sọ bí o ṣe fẹ́ máa béèrè. Má sunkún, má sì jẹ búrẹ́dì. Bó bá jẹ́ onímọ̀ tòótọ́, inú rẹ̀ á dùn pé o tètè sọ. Bí kò bá dùn, tó dá ọ dúró, kó ẹrù rẹ, máa bọ̀ wálé. Bàbá Káyọ̀dé ní òun ń wá ẹni tí á máa bójú tó ìsọ̀ òun. Ó kọ ìyẹn kíákíá, mi ò tíì sọ ọ́ tán tó ti kọ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ ara mi ni.

Orúnkún ọ̀tún mi ti dákẹ́. Mò ń ká a, mò ń nà án, mò ń forí kanlẹ̀. Dókítà ará Ṣáínà ní abẹ́rẹ́ òun ni. Ṣùgbọ́n ní àsìkò kan náà ni mo ń fi àdí pa á, obìnrin tó tà á fún mi sì ti ń fi mí júwe fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní àsìkò kan náà ni a gba ààwẹ̀, tí mo fọn díẹ̀, tí orúnkún rí ìsinmi lábẹ́ mi. Ìyá Ganí, tó ń tiro, ní àdúrà òun ni. Mo wo orúnkún náà, mo bi í, kò fún mi lésì. Bóyá abẹ́rẹ́ ni. Bóyá kò sí ohun tí abẹ́rẹ́ ṣe. Èmi tí mo ni orúnkún, èmi ò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ti òsì ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ti ránṣẹ́ pé kí n wá. Obìnrin tó ń ta àdí ti gbé ìgò wá sẹ́nu ọ̀nà. Mo dá gbogbo wọn dúró. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ọmọ ọmọ mi ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní Pọ́bẹ̀, ohun tó bá bá bọ̀ ni n ó tẹ̀lé. Yára, Àbẹ̀kẹ́, nítorí pé ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí òótọ́ kò bá lè yára, jẹ́ kó máa dùn mí.

Èmi ni,
Ìyá Àgbà rẹ, tó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ìwé yìí.